Màmá Agnes Dúróoríkẹ̀ẹ́ Adébùsóyè (1941–2023): Ẹni Tó Rò Pé Òun Kò Ní Pẹ́

Ìlú Oǹdó ni a bí ìyá wa sí ní oṣù kẹta ọdún 1941, sí ìdílé Bàbá Ṣàngódèyí, àgbẹ̀, àti Ìyá Mary. Ọmọ méjì ti kú ṣáájú Màmá, nítorí náà orúkọ ni àwọn òbí fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ lẹ́nu ará ilé pé àlejò lásán ni àwọn. Wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ohun tó máa ń tètè parí nìkan ni wọ́n ń dáwọ́ lé. Wọ́n mọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, wọ́n sì rí àyè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní 1958, ṣùgbọ́n Màmá ní kí wọ́n fi àyè náà fún ẹni tó máa lè parí rẹ̀. Irun dídì ni wọ́n lọ kọ́, oṣù mẹ́ta péré.

Ní 1963, wọ́n fẹ́ bàbá wa, Olóògbé Ayọ̀kúnlé Adébùsóyè, akọ̀wé ìjọba ní Àkúrẹ́. Ẹ̀fọ́ àti àgbàdo nìkan ni Màmá ń gbìn sẹ́yìnkùlé. Bí ẹnìkan bá dárúkọ igi ọsàn, wọ́n á ní ta ni yóò dúró dè é.

Ní 1984, ìjọba dín òṣìṣẹ́ kù, Bàbá sì wà lára àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ wa fẹ́ dúró. Ìyá Bàbá, tí ń gbé ní Ìjàrè, yọ̀ǹda ilẹ̀ fún Màmá kí wọ́n fi gbin kòkó. Màmá kọ̀, wọ́n ní ọdún mẹ́rin tí kòkó máa fi so ti pọ̀ jù fún ẹni bíi tàwọn. Ìyá àgbà kò bá wọn jiyàn. Wọ́n ní: “Ìyàwó mi, ó ti lé lógún ọdún tó o ti ń dágbére fún wa, a ò tíì rí i kó o lọ. Bó o bá máa lọ, gbin kòkó yìí ná.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, Màmá sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbin igba igi.

Ọdún mẹ́rin yẹn le. A mu gààrí títí a kò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ní 1988, kòkó so. Ọjọ́ tí Màmá fọ́ èso àkọ́kọ́ ni wọ́n bi Bàbá léèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ṣì ń gba ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ìsinmi gígùn ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún, ọ̀kan lọ́dún kan, ni wọ́n fi ka iṣẹ́ olùkọ́ ní Oǹdó. Wọ́n ṣe olùkọ́ ní Àkúrẹ́ títí di 2001, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ títí agbára fi tán.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, Màmá gbin igi obì mọ́kànlá sí Ìjàrè. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kí wọ́n béèrè ìgbà tí yóò so. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ni wọ́n sùn.

Wọ́n fi Bùkọ́lá, Monílọ́lá àti Olúwatúyì sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́jọ àti ọmọ méjì tí àwọn ọmọ-ọmọ bí.

Ẹ sùn re o, Màmá. Ẹ pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwa ni kò tíì tó fún.