Òdòdó Irà Tí Ẹ Pè Ní Ẹ̀lú

Bàbá mi tí kì í jẹ̀bi,

Inú ń bí mi sí yín. Ikú ò ní kí n má sọ ọ́.

Ṣé ẹ rántí òdòdó inú irà ẹ̀yìn ilé wa ní Bowie, l'Amẹ́ríkà níbí, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú aró? Ẹ ní ẹ̀lú ni. Màámi, tí wọ́n bí sídìí ìkòkò aró l'Abẹ́òkúta, ní ewé ẹ̀lú ló ń di aró, kì í ṣe òdòdó rẹ̀. Ẹ fi àáké kọ́rí. Ẹ ní kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa ewé! Gbogbo ọjọ́ Sunday lẹ ń lọ wò ó bóyá ó ti là, tẹ̀yin ti orín lẹ́nu.

Nígbà tó sú yín, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ gún un, ẹ da omi eérú sí i. Màámi wà níbi iṣẹ́. Aṣọ funfun tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn lẹ rì bọ̀ ọ́! Ó jáde bí aṣọ tí wọ́n fi nu ẹrẹ̀. Lójú àwọn ará mọ́ṣáláṣí tó wá kí wa, ẹ ní orí burúkú ìyàwó yín ló pa aró. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún mọ́kànlá, torí ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́. Láti ọjọ́ náà, Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ aró mọ́.

Bírọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún rí irú òdòdó náà, mo já ẹyọ kan, mo gbé e lọ sí láíbìrì, mo ń ṣí ìwé òdòdó lójú ewé kọ̀ọ̀kan títí mo fi bá a. Jẹ́ńṣíànì ni òyìnbó ń pè é. Irà ilẹ̀ yìí ló ni ín, kò bá ẹ̀lú tan rárá. Kì í là, Bàbá! Bó ṣe padé náà ló ń rọ, àfi kí oyin ńlá fipá wọlé. Ẹ wá jókòó tì í!

Mo gbé ìwé náà fún Màámi, mo kúnlẹ̀. Bàtà ọsibítù ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n wo àwòrán náà pẹ́, wọ́n gbé mi dìde, wọ́n wá bi mí bóyá ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kú.

Ṣé ẹ mọ̀? Kí ni kí n sọ fún wọn?

Mo ti bẹ̀ wọ́n tèmi. Tiyín ló kù.

Èmi ọmọbìnrin yín,
tó ṣì ń fipá fẹ́ràn yín.