Egbò Awakọ̀ àti Apẹ̀rẹ̀ Obì Bàbá Mi

Bàbá mi olóbì, bàbá mi dáadáa,

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìkómọ kan dé níhìn-ín ní Ṣàgámù, inú mi sì dùn débi pé n kò lè jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè ròyìn rẹ̀ fún. Iṣẹ́ wa ní láàbù ọsibítù kò gba kí a máa sọ àìsàn ẹnì kan fún ẹlòmíràn, n kò sì ní dárúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kódà fún yín. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ti fi lọ́rì kó obì yín lọ sí Kánò rí. Ẹ má wulẹ̀ wádìí.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ló wá bá wa. Egbò kan ṣoṣo yọ sí nǹkan ọkùnrin rẹ̀, kò sì dùn ún rárá, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè kà á sí. Oníkẹ́míìsì ní àtọ̀sí ni, ó ta kápúsù fún un. Kò gbé e mì o. Ńṣe ló tú u, ó bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sórí egbò, bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn tí oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ rẹ́kórẹ́kó, tí òyìnbó ń pè ní sífílíìsì, ni egbò yẹn, àrùn náà lè ti ara ìyá pa ọmọ.

Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, n kò rí nǹkan kan. Mo gba omi ojú egbò sórí gíláàsì, mo gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, n kò rí nǹkan kan. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti mú bírò, Bàbá, mo ti kọ ọ́ dé ìdajì.

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ yín sọ sí mi lọ́kàn. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ra obì lọ́wọ́ àwọn ará Irolu? Wọ́n á to èyí tó ń dán sókè, ẹ ò tilẹ̀ ní wò ó. Ẹ ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ẹ ó yọ ẹyọ kan, ẹ ó fi omi ṣàn án, ẹ ó nù ún mọ́ etí bùbá, ẹ ó wá gbé e sójú oòrùn. Ìyá wa ò yéé kùn nítorí àbàwọ́n bùbá yẹn. Èmi, òkè apẹ̀rẹ̀ ni mo wò. Ìyẹ̀fun kápúsù ni mo kó sórí gíláàsì, egbò náà sì tuntun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ lè má tíì fi àrùn hàn.

Mo fagi lé ohun tí mo kọ. Mo bẹ ọkùnrin náà pé omi iyọ̀ nìkan ni kó máa fi fọ̀ ọ́, kó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀gá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Kánò ló máa gbà lọ. Ó padà wá o! Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo nu egbò náà títí mo fi dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo rọra fún un títí omi mímọ́ díẹ̀ fi sun jáde. Iná ò lọ lọ́jọ́ náà, ẹ bá mi dúpẹ́. Mo sì rí àwọn kòkòrò àrùn náà nínú òkùnkùn maikirosikóòpù, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n lọ́ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, wọ́n ń tàn, wọ́n ń yí. Rẹ́kórẹ́kó ni. Ọ̀gá mi wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ló bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin náà kó tó mú ìyàwó rẹ̀ wá. Àwọn méjèèjì gba abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì. Ọmọ náà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin ni, dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Bàbá, n kò tíì gbàgbé Iléyá tí a jọ ṣe kẹ́yìn. Ẹ fi mí han àwọn àlejò yín, ẹ ní nọ́ọ̀sì ni mí. Ojú ń tì yín láti sọ pé ìtọ̀ àti egbò abẹ́ ni ọmọ yín obìnrin ń wò kiri. N kò jẹ ẹran yín, n kò dágbére. Ṣé ẹ retí mi lẹ́yìn ìgbà náà? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti ń múra àtiwá bẹ̀ yín kí wọ́n tó wá pè mí sí ìsìnkú yín? Ó ń dùn mí títí di òní.

Lónìí, nígbà tí áàfà ṣàdúà tán, ìyá ọkùnrin náà fà mí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Ó wá bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe ní ọsibítù tí ọmọ òun fi ń pọ́n mi lé báyìí. Mo rí ojú ọkùnrin náà, ẹ̀rù ti bà á kọjá sísọ. Mo wo ìyá àgbà náà, mo ní nọ́ọ̀sì ni mí.

Kò dùn mí rárá. Ẹ̀rín ni mò ń rín bọ̀ wálé. N kò lè sọ ohun tí mo ṣe fún ẹnikẹ́ni láyé yìí, ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún tí ẹ wà, kò sí àṣírí ẹni tí yóò tú. Bí wọ́n bá bi yín léèrè mi, Bàbá, ẹ má pè mí ní nọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ sọ iṣẹ́ mi gan-an fún wọn, ẹ sọ ọ́ sókè, kí ẹ wá sọ fún mi pé o káre.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ẹ kọ́ láti máa ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀.