Àna Mi àti Aago Ṣẹ́ẹ̀sì

Ìkẹ́rẹ́, Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Mo tún fìdí rẹmi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lónìí, kì í sì í ṣe pé òyìnbó tí a jọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ. Inú ń bí mi!

Mo mọ àléébù mi. Mo máa ń ronú pẹ́ jù, aago á sì máa sáré lọ. Ṣùgbọ́n lónìí, mo ta á bí ẹni tí ajá ń lé. Mo ti gba ayaba rẹ̀, mo ti há ọba rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀. Ó ku kí n sún ẹṣin mi lẹ́ẹ̀kan péré kí eré parí.

Ni bàbá ìyàwó mi bá wọlé sí sáíbà kafé. Kí ni wọ́n wá ṣe nídìí kọ̀ǹpútà, àwọn tí kì í kúrò lóko? Wọ́n ní àwọn rí alùpùpù mi níta.

Ta ló máa jókòó kí àna rẹ̀? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àwọn àga.

"Ulé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Uṣu tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

Ilẹ̀ ni mo ti ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó ní kí n dìde, aago mi ti tán, kọ̀ǹpútà ti ní mo pàdánù.

Mo délé, mo fẹ́ ro ẹjọ́ fún ìyàwó mi, ẹ̀rín ló fi pàdé mi. Bàbá ti yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Bàbá Tọ́pẹ́, wọ́n ní ẹ mọ èèyàn kí gan-an. Wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn á máa yà kí yín níbẹ̀."