Iná Tí Ẹ Ń Pè

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé a kì í kí òkú báyìí, ṣùgbọ́n báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ọmọ tí kò bá kíni kó tó sọ̀rọ̀, ọmọ tí wọn ò kọ́ ni. Nítorí náà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ilé. Ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìtòkú ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ èyí, lórí àpótí yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mi ò tíì kàn án. Ẹ̀yin náà ò kàn án láyé yín, páálí lẹ máa ń ká sábẹ́ rẹ̀.

Ọjà ò burú, àfi àwọn ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti òkè òkun. Ẹ̀yin ì bá ti fi èébú lé wọn kúrò ní Ìtòkú. Orúnkún ṣì ń yọ Ìyá Kékeré lẹ́nu, ẹnu ni ò yọ ọ́ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, n ó sọ ọ́ fún yín kí inú mi tó bẹ́.

Nígbà tí àìsàn yẹn mú apá ọ̀tún yín, tó sì mú ẹnu yín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń jáde geere. Iná. Ẹ̀yin tí ẹ lè ta aṣọ fún ẹni tó kàn ń kọjá lọ ra ata! Ẹ ó wojú wa, ẹ ó ní iná, ẹ ó tún fi nǹkan kan tì í lẹ́yìn tó máa ń dàrú mọ́ yín lẹ́nu. Èyí tó tẹ̀ lé e yẹn ò yé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iná, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ta ni ò mọ iná?

Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé iná mànàmáná lẹ ń wí, torí wọ́n ti mú un lọ. Mo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Gílóòbù tàn wàì, ẹ tún ní iná. Mo rò pé ó ń ta yín lójú, mo lọ pa á. Ẹ tún ní iná. Ìyá Kékeré, àbúrò yín, gbà pé ìkòkò aró ló wà lọ́kàn yín, pé ẹ rò pé a gbàgbé igi tó ń jó sábẹ́ rẹ̀. La bá sáré lọ sẹ́yìnkùlé, a ń bu omi sórí eérú tó ti tutù tipẹ́. Nígbà tó yá, Ìyá Kékeré tú irun yín, ó ń wá iná orí! Ẹ̀yin tí ẹ mọ́ tónítóní! Ẹ fi ọwọ́ òsì gbá a lọ́wọ́ dànù. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, Màámi. Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín. Ẹ wò mí, ẹ tún ní iná, ẹ wá yíjú sí ògiri.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lọ. A sin yín kí oòrùn tó wọ̀, a ṣe fídáù yín, èrò pọ̀ rẹpẹtẹ. Gbogbo wọn ló ń tù mí nínú pé iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Mo ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ́pò yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àlàájì dé, oníbàárà yín tó máa ń ti Kánò wá kó aṣọ. Kò sẹ́ni tó rántí pè é nínú wa, kò sì gbọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú kílíṣí yín lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó rò pé ẹ wà lẹ́yìn aṣọ tí a fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó pariwo wọlé ní Haúsá, bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe máa ń bára yín ṣe é: Ina Hajiya?

Màámi! Iná yẹn ni! Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń jáde lẹ́nu yín, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ìparí rẹ̀ lókè. Dípò kí n kí i, mo ń bi í léèrè kí ló ń jẹ́ ina. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Níbo ni, Màámi. Níbo ló ń jẹ́ lédè wọn. Ó ń bi mí pé Àlàájà dà.

Mo bú sẹ́kún, ó sì mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún yín.

Ṣé ẹ rí i, a ti gbàgbé pé Kánò lẹ dàgbà sí, nídìí òwò obì bàbá yín, kí wọ́n tó mú yín wálé wá fọ́kọ. Ẹ ò sọ Haúsá sí wa nínú ilé, àfi "tò" tí ẹ fi ń parí ọ̀rọ̀, àti "haba" bí inú bá ń bí yín. Ṣé èdè èwe yín ló padà wá bá yín, tí tiwa wá lọ? Ṣé bí àìsàn ṣe máa ń ṣe nìyẹn?

Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Alábàtà, ẹ mọ̀ ọ́n, kò lè gbọ́ nǹkan kó má fi fóònù wádìí ẹ̀. Ó bá tún gbé òmíràn dé: ìyá ni wọ́n ń pè ní ina ní Fílípínì lọ́hùn-ún. Ẹ gbà mí! Iná lọ́dọ̀ wa, níbo lọ́dọ̀ Haúsá, ìyá níbòmíràn, ọ̀rọ̀ tí kò tó mímí ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní kó gbé fóònù ẹ̀ sọ́hùn-ún. Ohun tí mo ń wá ò sí nínú fóònù.

Ta lẹ ń bèèrè? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ṣé bàbá mi ni? Ṣé ìyá yín tí wọ́n sin sí Kánò ni? Àbí èmi ni? Èyí ló ń dùn mí wọra, Màámi: gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti pe ọ̀rọ̀ yẹn, ńṣe ni mo ń dìde kúrò lọ́dọ̀ yín. Mo lọ tan iná, mo lọ pa iná, mo lọ bu omi. Bó bá jẹ́ èmi lẹ ń wá, èmi náà ni mo ń sáré jáde. Àárò yín ń sọ mí. Ó ń sọ mí débi pé bí wọ́n bá mú iná lọ báyìí, mi ò lè tan jẹnẹrétọ̀, mo kàn máa ń jókòó sínú òkùnkùn ni.

Kí Àlàájì tó lọ, mo bi í pé báwo lọmọ ṣe ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn bí ó bá bèèrè pé níbo ló wà. Ó sọ fún mi. Àṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn! Mo ti ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, ó ti ń yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì ń bèèrè níbi tí ẹ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

Ina nan, Màámi. Mo wà níbí. Ina nan.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó jókòó tì yín.