Ìlú Tí Ẹ̀rọ Wa Kò Lè Kọjá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Àjàṣẹ́ níbí, ní òdìkejì ibodè, nílẹ̀ elédè Faransé. Mo kí Ìyá mi, mo kí Bàbá Àgbà lórí ìjókòó wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Bùkọ́lá àti ọkọ rẹ̀, mo sì kí Àbíkẹ́ àbúrò mi. Ṣé ara gbogbo yín le?

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà ọmọ yín. Méjì ni mo ti fi rán àwọn awakọ̀ ní Kraké, níbi ibodè, mi ò sì gbọ́ pé ọ̀kankan dé Ìṣẹ́yìn. Ìwé ìròyìn yìí ni mo mọ̀ pé kì í kọjá yín, ẹ máa ń kà á títí dé orí ìkéde òkú. Ohun tí mo fẹ́ sọ náà kì í ṣe àṣírí.

Ara mi le. Ilé ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kọ́lá ni mò ń gbé, onígbàgbọ́ ni, ó sì ń tọ́jú mi. Nàgó, Yorùbá tibí, ló ń sọ. Mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Faransé máa ń yọjú láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀: lẹ́kọ̀lù ni ilé-ìwé, bùrò ni ọ́fíìsì. Òun náà ń fi tèmi rẹ́rìn-ín, ó ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ọ̀sà sì wà nítòsí, nítorí náà aṣọ tí mo bá fọ̀ lónìí, ọ̀túnla ni mo ń wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń le jù fún mi. Tí gbogbo ilé bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń rìn lọ sétí ọ̀sà, mi ò sì rí ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè pè ní ìwọ.

Ọ̀rọ̀ pípe ènìyàn yìí ni wàhálà mi níbi iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti dé lọ́dún 1972, tí wọ́n ní Rẹfọlúsíọ̀n ni, kàmáráàdì ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe ara wọn. Irun ọ̀gá wa funfun ju tiyín lọ, síbẹ̀ ó yẹ kí n máa pè é bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Kàmáráàdì Bàbá ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó wò mí bíi pé mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó ní kí n má dá a dúró.

Iṣẹ́ náà nìyí, ẹ jẹ́ kí n là á kí Ìyá mi náà lè gbọ́. Bùrò wa ló ń kó orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jọ láti ìlú agbègbè yìí. Inú kọ̀ǹpútà kékeré, tí wọ́n ń pè ní òdìnátà níbí, ni wọ́n ń tẹ̀ wọ́n sí. Kọ̀ǹpútà ńlá wà ní yàrá kejì, òun ló ń pín àwọn ọmọ sí ibùdó ìdánwò. Orúkọ gbọ́dọ̀ gba inú wáyà kọjá láti inú kékeré sínú ńlá. Ètò tó ń kó wọn kọjá wà, Èkó ni wọ́n ti rà á, ṣùgbọ́n kékeré nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí rẹ̀, ti ńlá sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹnìkan ní láti tún ìwé ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ ètò náà kọ, ìyẹn bí ńlá ṣe ń pe fáìlì, ibi tí wáyà wọlé sí, àmì tó fi ń mọ̀ pé ìlà kan ti parí, kí ẹ̀rọ wá fi ìlànà yẹn tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tó bá a wá. Nítorí Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni wọ́n ṣe gbà mí, fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n kọ́kọ́ wò mí. Bí orúkọ bá kọjá kí ọjọ́ ìdánwò tó tó, iṣẹ́ di tèmi. Bí kò bá kọjá, wọn yóò fi ọwọ́ kọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, èmi yóò sì di ẹrù mi.

Ó lé ní oṣù méjì tí mo fi ń tún ìlànà náà ṣe. Mo kọ́ ọ, ó dàrú. Mo tún un kọ́, ó tún dàrú. Nígbà tó wá gbà, inú mi dùn débi pé mo ra ẹ̀pà fún gbogbo bùrò. A kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ Avrankou ránṣẹ́. Gbogbo wọn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti Adjarra náà kọjá. A wá fi ti Akpro-Missérété sí i, ó dúró. A tún un ṣe, ó tún dúró, níbi orúkọ ìlú gan-an, kó tó kan ọmọ kankan.

Àwọn ará bùrò sọ ọ́ di àwàdà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti mọ̀ pé àwọn ará Akpro-Missérété kò fẹ́ràn Rẹfọlúsíọ̀n. Ẹnìkan ní kí n ra ọtí lọ kí àwọn àgbà ìlú náà. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ ni mò ń wà tí àkókò oúnjẹ fi ń kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Mo yẹ wáyà wò, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún ka ìlànà láti òkè dé ilẹ̀. Mo ti ń ká aṣọ mi, Bàbá mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

Rafíátù ló rí i. Òun ló ń tẹ orúkọ sínú kékeré, ọmọ oníṣòwò aṣọ ni níbí, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ ò sì lọ́ra. Lọ́jọ́ tí a fi ti ìlú Sèmè sí i, tí ìyẹn náà dúró, ó wo ìwé tó jáde lára ẹ̀rọ, ó sì béèrè pé ṣé àwọn ìlú tó ń dá òun lágara nìkan ni ẹ̀rọ mi kórìíra ni. Mo ní kí ló fẹ́ sọ. Ó ní lẹ́tà ńlá lòun fi ń tẹ orúkọ ọmọ, kò ní àmì lórí. Orúkọ ìlú ni òun ń fi lẹ́tà kékeré tẹ̀, òun sì gbọ́dọ̀ dúró wá àmì tí Faransé fẹ́ lé e lórí. Avrankou kò ní àmì. Adjarra kò ní. Akpro-Missérété ní mẹ́ta, Sèmè ní méjì.

Ojú tì mí. Ibì kan wà nínú ìlànà tí wọ́n ti béèrè iye ẹyọ òǹkà, ìyẹn òdo àti oókan tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa gbé, méje tàbí mẹ́jọ. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní méje ti tó. Mo kọ méje, mo kọjá lọ. Ó tó fún Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá ní àmì lórí kò lè ṣe láìsí ìkẹjọ. Bí wọ́n bá gé ìkẹjọ kúrò, ohun tó ṣẹ́kù kì í ṣe lẹ́tà mọ́, àṣẹ ló dà, ńlá sì gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ní kó dákẹ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Tíṣà Yorùbá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fi bírò pupa lé àmì lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ tirẹ̀ ló wá ń gé àmì sọnù ní ìlú onílùú. Mo rántí lẹ́tà tí mo kọ láti ilé-ìwé, tí mo kọ “E ku ise” láìfi nǹkan kan sí i lórí. Ẹ dá a padà, ẹ sì béèrè nísàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ẹ kú iṣẹ́ ni mò ń wí tàbí ẹ kú ìṣẹ́, torí bó bá jẹ́ ìṣẹ́ ni, ẹ ti mọ̀ nípa rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti ń san owó ilé-ìwé mi. Mo bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní ọ̀ṣọ́ lásán ni àmì. Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin lẹ jàre.

Mo pa méje rẹ́, mo kọ mẹ́jọ, mo tún ètò náà kọ́. Gbogbo àárọ̀ ló gbà. Rafíátù ni mo ní kó fi Akpro-Missérété ránṣẹ́. Ìlú náà kọjá pẹ̀lú àmì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ọmọ sì tò tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kàmáráàdì Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì ní kí n lọ jẹun.

Lánàá ni wọ́n fún mi ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó jẹun, n óò sì máa rí díẹ̀ fi ránṣẹ́. Inú mi dùn, Bàbá mi. Mo jókòó lẹ́yìn bùrò, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yé mi pé mi ò ní padà wálé lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ń gbàdúrà kí iṣẹ́ yìí di tèmi, mi ò rántí pé bó bá di tèmi, èmi náà di ti ibí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ sọ fún Ìyá mi kí wọ́n má gbá yàrá mi láràárọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbá a. Ẹ jẹ́ kí Àbíkẹ́ gbé ẹní rẹ̀ wọ ibẹ̀, kó kó ìwé mi sínú àpótí, kó máa sùn. Bí mo bá wá kí yín, pálọ̀ tó mi.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ. Ọlọ́run yóò da Bàbá Àgbà sí, yóò sì fi ìtura sínú ọkàn Ìyá mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn aládùúgbò tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín tó wà ní Àjàṣẹ́,
Adéṣínà.