Settimio Bugari àti Ìtọ́kọ̀ tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Wọn

Ní oṣù kẹfà ọdún 1961, a gba ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ìpẹja ìdílé Bugari lọ́wọ́ Bàbá Settimio nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò ṣẹ̀. Ohun tó dùn wọ́n jù láyé nìyẹn, ibẹ̀ ni àwa ìdílé sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí.

A bí wọn ní ọdún 1938 ní ẹsẹ̀ òkè Guasco ní Ancona. Nello apẹja ni baba wọn, Ines ni ìyá wọn. Àwọn Gíríìkì tó sá fún ọba oníkà ní Siracusa ló tẹ ìlú wa dó. Ancona, ìyẹn ìgbọ̀nwọ́ ní èdè wọn, ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ilẹ̀ ká wọ inú òkun bí apá, èbúté sì wà nínú rẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ ilé òrìṣà tó wà lórí Guasco ni ṣọ́ọ̀ṣì San Ciriaco dúró lé. Níbẹ̀ ni Bàbá ti ṣe ìrìbọmi. Wọ́n kàwé dé kíláàsì kẹrin, wọ́n sì bọ́ sínú ọkọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú òkun ni oòrùn ti ń yọ lọ́dọ̀ wa, inú òkun náà ló sì ń wọ̀ sí. Àwọn ọ̀dọ́ gbà pé ẹni tó bá wo méjèèjì lọ́jọ́ kan, ohun tó bá fẹ́ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀ràn ìtọ́kọ̀ ṣẹlẹ̀, wọ́n ń ti etíkun Portonovo bọ̀. Nello sùn. Bàbá ń ká okùn níwájú. Elvio àbúrò wọn ló di ìtọ́kọ̀ mú. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, tí oòrùn ń wọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, apẹja kì í wo iwájú. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wò ní èjìká òsì títí ẹnu èbúté yóò fi hàn. Elvio kò wò ó. Àpáta ya ìdí ọkọ̀.

Nello ta jí. "Ta ló di ìtọ́kọ̀ mú?"

"Bọ̀ọ̀dá mi ni," Elvio dáhùn.

Bàbá ní irọ́ ni. Àbíkẹ́yìn ni Nello gbà gbọ́. Ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ tuntun tí Nello rà di ti Elvio, Bàbá sì ń tún àwọ̀n ṣe ní etí èbúté títí wọ́n fi darúgbó.

Wọ́n gbé Màmá Derna níyàwó ní ọdún 1964. Lọ́dọọdún, Elvio a gbé pánlá wá. Màmá a ní, "Bàbá Primo, ẹ jẹun. Pánlá kọ́ ló fọ́ ọkọ̀."

"Gbé e fún ológbò."

Ológbò náà sanra gan-an.

Bàbá kì í pa Máàsì jẹ. Ṣùgbọ́n bí àdúrà bá kan ibi tí a ti ń dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ wá, Bàbá a pa ẹnu mọ́ títí yóò fi kọjá.

Wọ́n fi Màmá Derna sílẹ̀ sáyé lọ, àti àwọn ọmọ wọn, Primo àti Lidia, àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti Elvio.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, nígbà tí àìsàn ti mú wọn, Elvio wọ ilé àwọ̀n níbi tí Bàbá àti àwọn àgbà apẹja ti ń ta káàdì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá káàdì dúró."

Bàbá kò gbójú sókè. "Bó bá jẹ́ pánlá lo gbé wá, ológbò ti kú."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Èmi ni mo di ìtọ́kọ̀ mú. Oòrùn ni mò ń wò. Ẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Bàbá gbé káàdì wọn sílẹ̀. "Kí lo ń tọrọ lọ́wọ́ oòrùn nígbà yẹn?"

"Pé kí ìtọ́kọ̀ di tèmi."

Bàbá Settimio, gbogbo èbúté ti gbọ́. Ìtọ́kọ̀ ti padà sọ́wọ́ yín. Ẹ sùn re.