Igun Tí Oòrùn Ń Dé

Màmá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, iṣẹ́ ló gbà mí lọ́wọ́ tí mi ò fi pè.

Tọkọtaya kan ní kí n bá àwọn ṣe ọgbà òdòdó sẹ́yìn ilé wọn, tí ilé mìíràn há mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ò ju pálọ̀ yín lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, ọmọ yín tó máa ń sá fún oko ló wá ń gbin òdòdó fún ará ìlú.

Ìyàwó ilé náà nàka sí igun tí oòrùn ń dé. Ó ní, "Iyanrìn ni ká dà síbí, kí ọmọ wa lè máa fi ṣeré. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ti bímọ?"

Mo fa tépù, mo wọn igun náà. Mo ní, "Ṣé kí n ṣe ìdérí sí i, kí ológbò má baà yàgbẹ́ síbẹ̀?"

Ó ní kí n ṣe é. Mo yà á sínú àwòrán dáadáa.

Dókítà ní kí n ṣì jókòó sílé, ṣùgbọ́n kò síbi tó ń dùn mí. Aṣọ òtútù ọmọ tí ẹ ń hun, ẹ má tíì fi ránṣẹ́, ẹrù máa ń sọnù lọ́nà. Ọkọ mi ti dá bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn padà fún ẹni tó tà á. Ó ní yàrá wa há jù.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí Ìyá Àgbà bá tún béèrè iye oṣù tó kù, ẹ ṣáà sọ pé mo kí wọn.

Èmi àkọ́bí yín.